Orúkọ ta ló wà lórí ìwé iṣẹ́ ọmọ wa?

Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ilé iṣẹ́ epo la fẹ́ bá yín sọ lónìí. Látìgbà tí ọ̀pá epo tó ń ti Niger bọ̀ ti gba ilẹ̀ Plateau wa kọjá lọ sí etí òkun, tí wọ́n sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ kànga epo ní Sèmè ní ọdún 2025, díẹ̀ ni ilé olóyè tí àwọn òbí kì í gbé ìwé BAC tàbí licence ọmọ wọn wá sí. Ohun kan náà ni gbogbo wọn ń bẹ̀bẹ̀ fún: "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa kọ lẹ́tà, kí wọ́n lè mú ọmọ yìí síṣẹ́ epo."

A ò bá òbí kankan wí. Ọmọ tó ti parí ìwé tó jókòó sílé, ìyà ni fún un, ìyà ni fún ìyá tó bí i. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí a kì í béèrè. Àwọn tó ti wà nínú irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, kí ni wọ́n fẹ́ràn níbẹ̀? Kí ni wọn ò fẹ́? Bí a bá mọ ìdáhùn rẹ̀, a ó mọ ohun tó yẹ kí olóyè lọ béèrè lórúkọ ìlú. Èrò tiwa ni pé lẹ́tà là ń lé kiri, bẹ́ẹ̀ sì rèé, ìwé àdéhùn iṣẹ́ ló yẹ ká máa béèrè.

Epo kì í ṣe àlejò lọ́dọ̀ wa

Àwa ará ibí ò ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ orúkọ epo. Láti ọdún 1922 ni ibùdó ìwádìí ọ̀pẹ ti wà ní Pobè. Epo pupa nìyẹn, ṣùgbọ́n ó kọ́ àwọn bàbá wa ní ohun tí à ń pè ní iṣẹ́ olówó oṣù. Nígbà tó yá, epo ọkọ̀ dé. Ní ọdún 1974, lábẹ́ ìjọba Kérékou, ìjọba gba òwò epo lọ́wọ́ àwọn ilé iṣẹ́ òyìnbó, wọ́n sì dá SONACOP sílẹ̀. Nígbà náà, bí ọmọ ẹni bá wà ní SONACOP, a lè fi orúkọ rẹ̀ wá ìyàwó fún un. Iṣẹ́ ìjọba ni, owó rẹ̀ dájú, owó ìfẹ̀yìntì wà níbẹ̀.

Ní 1999, ìjọba ta èyí tó pọ̀ jù nínú ìpín SONACOP fún ilé iṣẹ́ kan tí Séfou Fagbohoun, ọmọ Adja-Ouèrè tiwa níbí, jẹ́ olórí rẹ̀. Gbogbo wa la mọ ariwo tó tẹ̀ lé e, olúkúlùkù ló sì ní èrò tirẹ̀. A ò fẹ́ tún ẹjọ́ yẹn dá níbí. Ohun tí a fẹ́ kẹ́ ẹ rí ni pé òṣìṣẹ́ kan sùn ní alẹ́ ọjọ́ kan gẹ́gẹ́ bí òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ ìjọba, ó jí gẹ́gẹ́ bí òṣìṣẹ́ aládàáni, kò sì kúrò lórí àga tó ń jókòó sí.

Sèmè náà ńkọ́? Ní 1968 ni wọ́n rí epo nínú òkun níbẹ̀. Ní 1982 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fà á jáde. Bí ilé iṣẹ́ kan ṣe ń lọ ni òmíràn ń bọ̀, títí di 1998 tí gbogbo rẹ̀ fi dáwọ́ dúró, nítorí epo tó ń jáde ti dín kù, owó rẹ̀ lórí ọjà àgbáyé sì ti já wálẹ̀. Ọdún mẹ́rìndínlógún péré. Ẹni tó wọṣẹ́ ní ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n kò tíì pé márùnlélógójì nígbà tí iṣẹ́ parí mọ́ ọn lọ́wọ́.

Ohun tí òṣìṣẹ́ fẹ́ràn

Ẹ jẹ́ ká sọ òtítọ́, iṣẹ́ ilé iṣẹ́ epo ńlá dára. Ẹni tó ní kò dára ń tan ara rẹ̀ jẹ.

Àkọ́kọ́ ni owó oṣù. Kì í ṣe pé ó pọ̀ nìkan, ọjọ́ rẹ̀ kì í yẹ̀. SMIG orílẹ̀-èdè wa jẹ́ 52,000 fráǹkì lóṣù láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023. Ẹni tí ilé iṣẹ́ ńlá fúnra rẹ̀ gbà síṣẹ́ máa ń gbà jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Ṣùgbọ́n ẹ bi ìyàwó òṣìṣẹ́, yóò sọ fún yín pé ọjọ́ tí kì í yẹ̀ yẹn gan-an ló jẹ́ kí òun lè dá ajọ, kí òun sì san owó ilé ìwé láìyá owó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Èkejì ni CNSS. Bí iṣẹ́ bá jẹ́ iṣẹ́ gidi, a ó yọ 3.6 nínú ọgọ́rùn-ún lára owó oṣù òṣìṣẹ́ fún ìfẹ̀yìntì, ilé iṣẹ́ yóò sì fi 6.4 lé e láti àpò tirẹ̀. Ọ̀dọ́ kì í ka èyí sí. Àwa tí a ti fẹ̀yìn tì là ń kà á sí, nítorí òun là ń jẹ.

Ẹ̀kẹta ni ìtọ́jú ara. Ilé iṣẹ́ ńlá sábà máa ń bá òṣìṣẹ́ san owó ilé ìwòsàn, tìyàwó tọmọ.

Ẹ̀kẹrin ni ẹ̀kọ́ ọwọ́ àti ètò ààbò. Níbẹ̀, bí o kò bá wọ akoto àti bàtà onírin, o ò ní wọlé. Ní ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ epo ńlá, òṣìṣẹ́ tó kéré jù lọ pàápàá lè ní kí iṣẹ́ dúró bó bá rí ewu, kò sì sẹ́ni tó máa bá a jà. Ọmọ tó bá kọ́ irú ìwà bẹ́ẹ̀ fún ọdún mẹ́ta, níbikíbi tó bá lọ, wọ́n á mọ̀ pé ó ti gba ẹ̀kọ́. Kò sẹ́ni tó lè gba ìyẹn lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́.

Ohun tí òṣìṣẹ́ kò fẹ́

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà nìyí. Ohun tó ń dun òṣìṣẹ́ epo jù, láti Niger títí dé Nàìjíríà, ni pé orúkọ tó wà lórí akoto kì í ṣe orúkọ tó wà lórí ìwé iṣẹ́. Ilé iṣẹ́ ńlá á gbé iṣẹ́ fún agbaṣẹ́ṣe, agbaṣẹ́ṣe á gbé e fún ẹlòmíràn, ìyẹn ló máa wá kó àwọn ọmọ wa jọ. Ọmọ á wọ aṣọ ilé iṣẹ́ ńlá, á ya fọ́tò, á fi ránṣẹ́ sílé. Ìlú á yọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń sanwó fún un jẹ́ ọ̀gá kan tó ní ọ́fíìsì oníyàrá kan ní Kútọnù. Bí ọ̀gá yẹn bá kógbá sílé, ta ni ọmọ náà fẹ́ lọ bá? Bó bá dé ẹnu ọ̀nà ilé iṣẹ́ ńlá, wọ́n á sọ fún un pé: "A ò mọ̀ ọ́ rí."

Òfin orílẹ̀-èdè wa náà ti yí padà, kò sì yẹ kí olóyè kankan má mọ̀ ọ́n. Òfin nọ́ńbà 2017-05, ti ọjọ́ 29 oṣù kẹjọ ọdún 2017, gba ilé iṣẹ́ láyè láti máa tún kọ́ńtírà onígbà díẹ̀, ìyẹn CDD, ṣe léraléra láìní iye ìgbà. Bí wọ́n bá lé òṣìṣẹ́ láìtọ́, owó gbà-má-bínú tí ilé ẹjọ́ lè ní kí wọ́n san fún un kì í kéré sí owó oṣù mẹ́ta, kì í sì í ju ti oṣù mẹ́sàn-án lọ. Ìjọba ní kí àwọn olówó lè fọkàn balẹ̀ wá dá iṣẹ́ sílẹ̀ ni. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ó túmọ̀ sí pé ọmọ rẹ lè ṣiṣẹ́ ọdún mẹ́wàá, kó sì jẹ́ pé oṣù mẹ́fà-mẹ́fà ni wọ́n ń fi ka ọdún mẹ́wàá náà.

Èkejì ni àìdọ́gba owó. Ní oṣù kẹta ọdún 2025, ìjọba Niger ní kí àwọn ọ̀gá mẹ́ta ará Ṣáínà kúrò ní orílẹ̀-èdè wọn. Ọ̀kan nínú wọn jẹ́ ọ̀gá WAPCO, ilé iṣẹ́ tó ni ọ̀pá epo tó gba ọ̀dọ̀ wa kọjá yìí gan-an. Mínísítà epo wọn ṣàlàyé pé tí a bá pín in dọ́gba, àlejò ń gba dọ́là 8,678 lóṣù, ọmọ Niger sì ń gba 1,200. Ẹ ṣírò rẹ̀, ìlọ́po méje ni. A mọ̀ pé ẹni tó kúrò nílé wá láti ọ̀nà jíjìn, owó rẹ̀ á pọ̀ díẹ̀. Àmọ́ ìlọ́po méje kì í ṣe owó ọ̀nà. Ẹ sì kíyè sí i pé dọ́là 1,200 yẹn náà, ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ wa á fi ayọ̀ gbà á. Owó tó tóbi lójú ará ilé lè jẹ́ ìyànjẹ lójú ẹni tó ń rí ohun tí ẹnìkejì rẹ̀ ń gbà.

Ẹ̀kẹta ni jíjìnnà sílé. Iṣẹ́ inú òkun kì í jẹ́ kéèyàn sùn nílé. Èèyàn á lo ọ̀sẹ̀ mélòó kan lórí omi, á tó wá sílé fún ìsinmi. Ìyá lè kú kó má lè débẹ̀. Ọmọ á bẹ̀rẹ̀ sí í rìn, á gbọ́ ọ lórí tẹlifóònù.

Ẹ̀kẹrin ni pé iṣẹ́ náà máa ń parí. Ẹ̀yin tí ẹ rí i nígbà tí wọ́n ń gbẹ́ ilẹ̀ fún ọ̀pá epo, ẹ rántí bí èèyàn ṣe pọ̀ tó: awakọ̀, ajórin, ọlọ́dẹ, obìnrin tó ń ta oúnjẹ. Níbo ni wọ́n wà báyìí? Bí iṣẹ́ ọ̀pá epo ṣe rí níbi gbogbo nìyẹn. Bó ṣe rí ní Chad àti Cameroon nìyẹn, nígbà tí wọ́n ri ọ̀pá tó gùn tó 1,070 kìlómítà láti Doba lọ sí Kribi láàárín 2000 sí 2003. Ọ̀pọ̀ ẹgbẹẹgbẹ̀rún ló gbẹ́ ilẹ̀, ìwọ̀nba díẹ̀ ló kù láti máa ṣọ́ ẹ̀rọ. Ẹni tó bá ṣèlérí fún wa pé ọ̀pá tí wọ́n ti rì mọ́lẹ̀ tán yóò tún gba ẹgbẹ̀rún ọ̀dọ́ síṣẹ́, ìbò ló ń wá.

Ẹ̀karùn-ún ni ẹnu. Òṣìṣẹ́ fẹ́ lè sọ ohun tó ń dùn ún kí wọ́n má lé e. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2025, ilé ìfọpo Dangote ní Èkó dá àwọn òṣìṣẹ́ tó ju 800 dúró. Ilé iṣẹ́ ní àtúntò lòun ń ṣe, nítorí pé àwọn kan ń ba nǹkan jẹ́. PENGASSAN, ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ epo, ní torí pé wọ́n wọ ẹgbẹ́ ni wọ́n fi lé wọn. Ìparí oṣù náà ni ẹgbẹ́ kéde ìyanṣẹ́lódì. Kí ọ̀sẹ̀ tó yí po, ilé iṣẹ́ gbà láti wá ibòmíràn fún wọn nínú àwọn ilé iṣẹ́ rẹ̀ yòókù. A ò lè ti ibí sọ ẹni tó jàre. Ohun tí a mọ̀ ni pé bí kò bá sí ẹgbẹ́, kò sẹ́ni tó máa bá wọn jókòó sọ̀rọ̀. Ẹ̀yin àgbà á rántí Frank Kokori, akọ̀wé àgbà NUPENG, tó kó àwọn òṣìṣẹ́ epo yanṣẹ́ lódì ní 1994 nítorí ìbò June 12. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọdún mẹ́rin tó lò látìmọ́lé. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́.

"Ebi ń pa wá"

A mọ èsì tí ẹ fẹ́ fún wa. Ẹ fẹ́ sọ pé ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Ọmọ tó ń ta kpayo lójú títì Pobè, ṣé òun náà ní ìwé àdéhùn? Òtítọ́ ni. Ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ jáde: kpayo ni ilé iṣẹ́ epo tó tóbi jù tí a ní ní Plateau. Òun ló gba àwọn ọmọ wa síṣẹ́ nígbà tí kò sẹ́ni tó gbà wọ́n. Kò bi wọ́n ní BAC, kò béèrè lẹ́tà olóyè. Ṣùgbọ́n kò ní CNSS, kò ní akoto. Nígbà tí Ààrẹ Tinubu yọ owó ìrànwọ́ orí epo kúrò ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2023, ọ̀rọ̀ ẹnu ẹnìkan ní Àbújá ló ba ọjà wọn jẹ́ lóòjọ́. Ní ọjọ́ 23 oṣù kẹsàn-án ọdún náà, iná sọ níbi tí wọ́n ń kó kpayo sí ní Sèmè-Podji, ó sì pa èèyàn tó ju ọgbọ̀n lọ. Kí Ọlọ́run tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere.

Nítorí náà, a ò ní kí ọmọ tó rí CDD oṣù mẹ́fà ju ú nù, kó padà sídìí kpayo. Kó gbà á. Àmọ́ kó mọ ohun tó gbà, kí ìlú náà mọ ohun tí wọ́n gbà fún un. Ẹni tó bá mọ̀ pé oṣù mẹ́fà lòun ní, á fi kọ́ṣẹ́, á fi owó pamọ́. Ẹni tó bá rò pé títí ayé ni, mọ́tò ló máa lọ rà.

Ohun tí a ń bẹ̀bẹ̀ fún

Ìkíní, kí olóyè kankan má fọwọ́ sí lẹ́tà, kó má sì bá ẹnikẹ́ni ya fọ́tò nítorí iṣẹ́, láìbéèrè ìbéèrè mẹ́rin: Ta ló fọwọ́ sí ìwé iṣẹ́ náà? Títí di ọjọ́ wo? Èló ni, ọjọ́ wo ni wọ́n ń san án? Nọ́ńbà CNSS dà? Bí ẹni tó wá kó àwọn ọmọ wa kò bá lè dáhùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kó padà síbi tó ti wá.

Ìkejì, kí wọ́n máa lẹ orúkọ iṣẹ́ tó bá wà mọ́ ara ògiri mairie Pobè, ti Sakété, àti ààfin. Káàdì ẹgbẹ́ òṣèlú kì í jó irin pọ̀. Bí iṣẹ́ bá ń gba ẹ̀yìnkùlé wọlé, ọmọ tálákà tó mọ iṣẹ́ á jókòó sílé, ọmọ ẹni ńlá tí kò mọ̀ ọ́n á lọ ba ti gbogbo wa jẹ́.

Ìkẹta, kí a yéé béèrè pé "ẹ gba ogún ọmọ wa." Kí a béèrè pé ẹ kọ́ ogún ọmọ wa ní soudure, ní iṣẹ́ iná, ní àtúnṣe ẹ̀rọ, kí ẹ sì fún wọn ní ìwé ẹ̀rí tí wọ́n lè fi ṣiṣẹ́ níbòmíràn. Iṣẹ́ á parí, a ti sọ ọ́. Ohun tó wà lọ́wọ́ ọmọ kò ní parí.

Ìkẹrin, kí a má da owó ilẹ̀ pọ̀ mọ́ ọ̀rọ̀ iṣẹ́. Ẹni tí ọ̀pá gba oko rẹ̀ kọjá, owó ilẹ̀ rẹ̀ tọ́ sí i, yálà ọmọ rẹ̀ rí iṣẹ́ tàbí kò rí i. Kí ẹnikẹ́ni má fi iṣẹ́ oṣù mẹ́ta san gbèsè ọ̀pẹ tó ti ń so fún ogún ọdún.

Ìkarùn-ún, sí àwọn aṣòfin wa ní Àjàṣẹ́. Láti 2010 ni Nàìjíríà ti ní òfin kan tó sọ pé nínú ilé iṣẹ́ epo, ipò ọ̀gá tí àlejò lè dì mú kò gbọ́dọ̀ ju márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Òfin kì í ṣe oògùn, Nàìjíríà fúnra rẹ̀ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí a ò bá kọ sílẹ̀, a ò lè bá ẹnikẹ́ni ṣẹjọ́ lé e lórí. Ní báyìí tí Sèmè tún ń jí, kí wọ́n béèrè ipò tí a ó fi àwọn ọmọ wa sí, kó tó di pé kànga tún gbẹ.

Àwa náà ò ní ká ọwọ́ gbera ká kàn máa dá yín lẹ́kun. Àwa tí a ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba nínú ẹgbẹ́ yìí, ìwé kíkà ni iṣẹ́ tí a fi ayé wa ṣe. Ọmọ èyíkéyìí ní Pobè tàbí Sakété tí wọ́n bá gbé kọ́ńtírà lé lọ́wọ́, kó tó fọwọ́ sí i, kó mú un wá sípàdé ẹgbẹ́. A ó kà á fún un ní Faransé, a ó túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá fún bàbá àti ìyá rẹ̀. A ò ní gba kọ́bọ̀. Ẹ̀yin olóyè ní tiyín, ẹ bá wa kéde rẹ̀ láàfin, ní mọ́ṣáláṣí, ní ṣọ́ọ̀ṣì, àti lọ́jà.

Kí Elédùmarè jẹ́ kí iṣẹ́ ọmọ wa jẹ́ iṣẹ́ tí a lè fi ìwé rẹ̀ hàn.